Ojú Bèbí Uswat

Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ara yín le? Bàbá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi náà wà dáadáa. Òtútù ibí ò tíì lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ mi lára.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Ẹ ní nígbàkigbà tí mo bá pe Uswat lórí fídíò, kì í jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà, pé á gbé fóònù yín dání káàkiri ilé, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá mo wà níbẹ̀. Ẹ ní kí n dáwọ́ ìpè dúró ná. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà bíi ti ayé àtijọ́. Ẹ bá mi bẹ Moyọ̀sọ́lá tó ń ṣe fọtokópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Kí ó máa ya tiyín ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Tèmi, màá fi sórí Wásáàpù rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ síwèé fún yín, torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ẹ máa ka nǹkan gígùn lórí fóònù.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá kan wà tí kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, kódà kò mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bèbí aláṣọ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, á bọ́ aṣọ rẹ̀, á wọ òmíràn fún un, á de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí yóò fi ṣe é tán, kì í bú ẹnikẹ́ni, kì í sunkún. Bí mo ṣe ń wò ó ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Uswat. Tíṣà rẹ̀ ní ó ti ń pé ọmọ ọdún márùn-ún lọ, síbẹ̀ kò lè de bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán bèbí fún un. Aṣọ ni kí ẹ fi ṣe ara rẹ̀, kí ẹ má ra onírọ́bà tí wọ́n ń tà ní Agége, tí orí rẹ̀ máa ń yọ. Kí aṣọ rẹ̀ ṣe é bọ́, kí ó ṣe é wọ̀: kí ọ̀kan ní bọ́tìnnì, kí ọ̀kan ní sípù, kí bàtà rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń so. Kí ó dúdú bí èmi.

Nígbà tí Abdulqoyum ọkọ mi kú, tí mo ní màá wá síbí, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún mi náà ò gbà kí n mú un dání. Mi ò lè gbàgbé oore yín. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà lọ́wọ́ ọmọ mi tó jọ mí.

Ẹ bá mi kí Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín,
Màrdíyyàh.


Dópẹ́mú,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, 2025.

Màrdíyyàh ọmọ mi,

Wàálékúmù sàlámù. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ìwọ ni o ò sọ bóyá o ń jẹun. Gbogbo lẹ́tà rẹ, òtútù àti arúgbó ni.

Mo ti rán bèbí náà. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí, torí náà mo ba àkọ́kọ́ jẹ́. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, orí wá ń ṣubú sí èjìká bíi ti ẹni tó ń tòògbé. Èkejì ló dúró. Kàkí aláwọ̀ ilẹ̀ ni mo fi ṣe ara rẹ̀, nínú àwọn ègé aṣọ tí wọ́n ń kó dànù nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù lọ́nà Ọ̀gbà. Fọlábí tó ń ṣọ́ géètì wọn máa ń di ìdì kan sílẹ̀ dè mí. Mo tú ìrọ̀rí àtijọ́ kan, òwú inú rẹ̀ ni mo kì sínú bèbí. Bàbá rẹ ló bá mi fi ìdí ṣíbí tì í wọ apá àti ẹsẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà ń fi òun lọ́kàn balẹ̀. Irun rẹ̀, òwú dúdú ni, mo dì í ní ṣùkú.

Aṣọ ló pẹ́ lọ́wọ́ mi. Aṣọ bèbí le ju ti àgbà lọ. Ihò apá rẹ̀ kéré ju ohun tí máṣíìnì lè rán, ọwọ́ ni mo fi rán gbogbo rẹ̀. Bí mo bá sì rán an kó bá ara mu gẹ́lẹ́, kò ní ṣe é bọ́, torí apá bèbí kì í ká. Mo wá la ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Mo rán yúnífọ́ọ̀mù oníbọ́tìnnì, kaba onísípù, ìró àti bùbá, híjáàbù, àti kóòtù òtútù tí mo wò lára rẹ nínú fọ́tò. Àpò àtijọ́ kan ni mo gé fi ṣe bàtà.

Nígbà tí mo gbé e fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ọ síhòòhò, ó wo ara rẹ̀ yíká, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ fún un. Kóòtù ló kọ́kọ́ mú. Mo ní, “Uswat, nínú oòrùn yìí, kóòtù kẹ̀?”

Ó ní, “Mọ́mì ni. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́.”

Bó ṣe di Mọ́mì nìyẹn. Ó ń pọ̀n ọ́n, ó ń fún un lóunjẹ, ó máa ń ní ká má pariwo, pé Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Bọ́tìnnì ò tíì mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n sípù ti mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé fi ń gbọ́ ọ.

Moyọ̀sọ́lá á fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Wò ó dáadáa. Ẹ̀wù tí o ní o máa fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ láti ọdún Iléyá, a ò tíì rí i.

Ìyá rẹ,
Sìlífátù.


Leeds,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2025.

Màmá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́hun á gbà á.

Mo rí fọ́tò náà. Aṣọ rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rán irun, ẹ rán bàtà, kódà ẹ fi àpò sí kóòtù, ẹ ò rán ojú. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni Moyọ̀sọ́lá yà. Mo fi han ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kí ló ṣe ojú rẹ̀. Mo ní wọn ò tíì rán an tán ni.

Ọmọ mi ń gbé nǹkan tí kò lójú pọ̀n, ó sì ń pè é ní Mọ́mì. Ṣé ohun tí mo dà nínú ilé yín nìyẹn? Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn nígbà tí mo fẹ́ lọ. Ẹ ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń di ẹrù, ẹ jókòó sídìí máṣíìnì, ẹ ò yà sí yàrá. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ó gbàgbé mi ni, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́, ẹ wò ó rán ojú náà. Ẹ̀wù Bàbá wà lọ́nà, ẹnì kan tó ń bọ̀ wá sí Ìkẹjà ló mú un dání.

Màrdíyyàh.


Dópẹ́mú,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, 2025.

Màrdíyyàh ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún. Má bínú pé èsì yìí pẹ́. Aṣọ ọdún kún inú ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, mi ò ráyè mú bírò. A ti ṣọdún, a sì ti sinmi. Ẹ̀wù bàbá rẹ dé, ó gùn jù, mo ti gé e.

Ọ̀rọ̀ ojú. Mi ò gbàgbé rẹ̀, mi ò sì bínú sí ọ. Bàbá rẹ ló ní kí n má rán an. Ìgbà tí mo fi òwú funfun sínú abẹ́rẹ́ pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ojú, ó ní, “Sìlífátù, dúró ná. Tí wọ́n bá ní kí o mí ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìdájọ́, kí lo máa sọ?” Ó ní ohun tí wọ́n kọ́ òun nílé kéwú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, pé èèyàn kì í ya ohun ẹlẹ́mìí. Mo ní bèbí ọmọdé ni. Ó ní kí ọmọdé náà fi ọkàn rẹ̀ ya ojú sí i. Mi ò fẹ́ bá a jà nítorí aṣọ, mo fi sílẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dákẹ́. Mo ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tó mi. Mo pe Uswat. Mi ò fi fọ́tò rẹ hàn án, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo ní, “Irú ojú wo la máa rán sí Mọ́mì?”

Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe tó bá ń ronú. Ó ní, “Ẹ rán gíláàsì sí i.”

Mo ní, “Gíláàsì kẹ̀? Mọ́mì kì í lo gíláàsì.”

Ó ní, “Wọ́n ń lò ó.” Ó wá nawọ́ kan tèmi.

Màrdíyyàh, èmi nìkan ló ń lo gíláàsì nínú ilé yìí. Mo dá abẹ́rẹ́ padà sínú agolo. Tí mo bá rán ojú sí bèbí yẹn báyìí, ojú mi ni yóò jẹ́, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. O ní kí n sọ òótọ́. Òótọ́ nìyẹn.

Obìnrin kan láti GRA gbé aṣọ wá fún àtúnṣe, ó rí bèbí lọ́wọ́ Uswat, ó ní òun fẹ́ fún àwọn ọmọ òun. Mo ti ń rán wọn. Tirẹ̀ lójú, òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ máa ń lọ sí mọ́sálásí fún ìrun àsárì, ìgbà yẹn ni mo máa ń rán ojú wọn.

Ìyá rẹ,
Sìlífátù.


Dópẹ́mú,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 2025.

Màrdíyyàh,

Mo kọ̀wé, o ò dáhùn. Moyọ̀sọ́lá ní o ti kà á, pé àmì tó wà níbẹ̀ ti di búlúù. Ṣé ara rẹ le? Tó bá jẹ́ ìbínú ni, fi í sórí ìwé kí n rí i kà. Uswat ní ikọ́ díẹ̀, ó ti lọ.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, 2025.

Màmá mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọdún Iléyá. Ẹ kú àìgbúròó mi.

Mi ò bínú. Mi ò kàn mọ ohun tí èèyàn ń kọ lẹ́yìn irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé, mo sùn, mo tún lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn, irú èyí tí wọ́n á torí ẹ̀ gbà kí n mú ọmọ wá. Mo ti rí i, ní ọsibítù. Ìwé tèmi ti jáde. Ti Uswat ló kù. Wọ́n á ní kí ó wá tẹ̀ka, kí wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un lọ.

Oṣù kẹjọ ni mo ń bọ̀ wá mú un. Mo ti gba ilé tó ní yàrá tirẹ̀. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ilé ìwé, ẹ lè dúró níbẹ̀ kí ẹ máa wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ẹ má tíì sọ fún un. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ fún un.

Ọmọ yín,
Màrdíyyàh.


Dópẹ́mú,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, 2025.

Màrdíyyàh,

Mo ka ìwé rẹ. Mo fún bàbá rẹ, ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì wà nílé.

Ta ló máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí iṣẹ́ bá bọ́ sí alẹ́ fún ọ? Ta ló máa dirun fún un? Níbí, tó bá ṣubú tó ké, gbogbo ilẹ̀kùn kọ́ńpáǹdì ló ń ṣí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé o ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè rẹ. Ọmọ tí kò mọ ojú rẹ dáadáa mọ́ lo fẹ́ wá gbé lọ bí ẹni wá gba ẹrù ní páàkì. Jẹ́ kí ó dàgbà díẹ̀ sí i. Jẹ́ kí ó mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé.

Màá mú un lọ tẹ̀ka lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, torí ìwọ lo bí i. Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi.

Sìlífátù.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2025.

Màmá mi,

Mo rí fídíò tí Moyọ̀sọ́lá gbé síta. Uswat ló wà níbẹ̀, ó ń bọ́ aṣọ bèbí, ó ń wọ òmíràn fún un, Moyọ̀sọ́lá sì ń sọ ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti lè rà á ní Opebi. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí dára. Ẹ ò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti di ọjà tó báyìí. Mo ti wá mọ ìdí tí ẹ ò fi fẹ́ kí ó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Kí ẹ má fi ọmọ mi polówó ọjà mọ́. Èmi ni mo bí i. Mò ń bọ̀.

Màrdíyyàh.


Dópẹ́mú,
Ogúnjọ́, oṣù keje, 2025.

Ọmọ mi Màrdíyyàh,

Àsàlámù àlékúmù. Èmi Làsísì bàbá rẹ ni mo kọ èyí, ìyá rẹ ò sì mọ̀. Ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà, kí n buwọ́ lùwé nìkan ni wọ́n máa ń ní kí n ṣe. Tí o bá rí àṣìṣe, fojú fò ó.

Ìyá rẹ ò rán bèbí tà mọ́ láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìkẹyìn rẹ dé. Kò mọ nǹkan kan nípa fídíò yẹn. Moyọ̀sọ́lá ló dá a ṣe, ó rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ fún un, Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀, ó sì yọ fídíò náà kúrò níṣojú wa. Ìyá rẹ ò bú u. Ó ká àwọn aṣọ kéékèèké náà, ó kó wọn sínú báàgì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀kan péré ló rán lẹ́yìn ìyẹn. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó pe ìyẹn ní Uswat. Ó rán kóòtù fún un, ìbọ̀wọ́, àti fìlà tó bo etí. Láti ìgbà náà, tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á jókòó sórí báńṣì ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á bọ́ aṣọ ilé lára bèbí kékeré náà, bèbí á dágbére fún mi, wọ́n á wọ kóòtù fún un, á wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnu mi ni mo fi ń dún bí ẹ̀ńjìnnì. Tí ọkọ̀ bá balẹ̀, ìyá rẹ á bi í pé, “Ta ló dúró dè é?”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Uswat di ọwọ́ ìyá rẹ mú, ó ní, “Ìyá ni.”

Ìyá rẹ ní, “Rárá o. Ìyá wà nílé ní Dópẹ́mú. Ta ló dúró dè é?”

Ojoojúmọ́ ló ń bi í bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà wọlé, ó gbé bèbí ńlá jáde, ó gbé e dúró ní ìpẹ̀kun báńṣì. Ó ní, “Mọ́mì ni.” Ìyá rẹ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo omi tó wà lórí iná. Mo wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí omi lórí iná.

O ní kí a má sọ fún ọmọ pé o ń bọ̀. A ò sọ fún un.

Ní ti ojú, mo lọ bi Álúfà Abdulwasiu ní mọ́sálásí wa. Ó ní ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló yọ ohun ìṣeré ọmọdé sọ́tọ̀, pé Nana Àíṣà aya Ànábì náà fi bèbí ṣeré. Mo gbọ́, mo sì gbà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kí ó rán an. Ó ní rárá, kí ẹni tó ni ojú dé ná.

Wá. Tí o bá dé, bẹ ìyá rẹ kí o tó jókòó.

Bàbá rẹ,
Làsísì.


Dópẹ́mú,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Màrdíyyàh ọmọ mi,

Ẹ kú ìrìn. Mo gbọ́ pé ẹ gúnlẹ̀ láyọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ilé dákẹ́. Bàbá rẹ ń bá rédíò jiyàn.

Ohun kan wà tí a ò sọ nígbà tí o wà nílé, mo fẹ́ sọ ọ́ kí ó tó pẹ́. Lọ́jọ́ tí o dé, tí ọmọ sá sẹ́yìn máṣíìnì, èmi ni mo ní, “Uswat, jáde wá kí àlejò.” Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kí n tó mọ̀. O yà sẹ́yìnkùlé, o ní o fẹ́ fọ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ mọ́. Mi ò fi gún ọ lára o. Orúkọ tí mo máa fi pè ọ́ fún un ni mi ò rí lójijì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a rán ojú, ó wù mí kí o rí ara rẹ. O jókòó sórí àpótí, ó dúró sáàárín ẹsẹ̀ rẹ, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ mú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó fẹ́ ra ọsàn. Ó ń wò ọ́, ó ń pàṣẹ fún mi. “Ìyá, ìpéǹpéjú wọn gùn.” Mo rán an. “Àmì dúdú kan wà lábẹ́ ojú wọn níbí.” Mo rán an. Ó ní kí o la ẹnu, o là á, ó ní, “Eyín wọn ní àlàfo.” Mo tiraka, mo rán àlàfo. Òwú tán lẹ́ẹ̀mejì, kò jẹ́ kí o dìde. Bàbá rẹ ń yọjú láti ojú fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni pé aṣọ ló fẹ́ ká. Kò sí ẹni tó dárúkọ gíláàsì.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, kó tó di pé ẹ wọlé, ó bi mí léèrè pé ìgbà wo ni èmi máa wọ kóòtù tèmi. Mo ní ó di ìgbà tí orúnkún Bàbá bá san. Ó mi orí. Ẹ wọlé.

Mo ti kó àwọn aṣọ bèbí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bèbí nìkan ni Moyọ̀sọ́lá ń yà ní fọ́tò báyìí. Ẹni tó ń bá wa tà á ní Opebi ní kí n rán ẹ̀wù dọ́kítà àti ti awakọ̀ òfuurufú sí i.

Tí o bá kọ̀wé, má sọ fún mi pé ó wà dáadáa. Sọ bó ṣe wà.

Ìyá rẹ,
Sìlífátù.


Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kí Bàbá.

Ẹ ní kí n sọ bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ tí a dé, kò jẹ nǹkan mìíràn ju búrẹ́dì àti tíì lọ. Kò sunkún. Ó ń wọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí mo bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ á yí ẹ̀yìn sí mi. Tó bá fẹ́ nǹkan, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí màá fi béèrè ohun tó ń fẹ́. Kì í pè mí ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú un níléèwé, tíṣà bi í pé ta ni mí. Ó wò mí, ó ní, “Àwọn la jọ ń gbé.” Mo rẹ́rìn-ín fún tíṣà. Mo fa ọmọ lọ́wọ́, a lọ sílé. Mo rántí ohun tí ẹ kọ sí mi nínú oṣù kẹfà, mo sì rò pé bóyá ẹ ò jayò pa.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ gbóná. Mo fún un lóògùn, mo tẹ́ aṣọ sórí àga gígùn, mo ní kí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo wà ní kíṣìnnì tí mò ń se ògì nígbà tí mo gbọ́ tó ní, “Ìyá.” Ẹ̀yin ló ń pè, mo mọ̀. Nílé, ẹ̀yin nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú fóònù, mo ti fẹ́ pè yín kí ẹ lè bá a sọ̀rọ̀. Mo gbé e kalẹ̀. Mi ò mọ bóyá ohun tó dáa ni mo ṣe. Mo dúró níwájú iná, mi ò lọ, mi ò sì dáhùn. Ó tún pè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo pa iná, mo lọ bá a, mo ní, “Mo ti dé.”

Ó la ojú. Ó wò mí. Mo rò pé ó máa ní èmi kọ́ lòun pè, mo sì ti ń wá ohun tí màá sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí lé itan mi, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó sùn. Ògì náà dì sínú ìkòkò.

Nígbà tó jí, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Mo se òmíràn, ó mu ún tán. Láti ọjọ́ náà, Ìyá ló ń pè mí, bí ẹni pé bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní kí ó pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè ní kí ó dáwọ́ dúró. Mo bi í pé kí la máa wá pe Ìyá Dópẹ́mú. Ó ní, “Ìyá Àgbà.” Mo rò pé kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ṣáájú. Ẹ má bínú sí mi.

Lánàá, mò ń ya irun rẹ̀ láti dì í. Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò sọ pé ó ń dun òun. Ó wá bi mí pé kí ló dé, lọ́jọ́ tí ara òun gbóná, tí mi ò dáhùn nígbà tí òun kọ́kọ́ pè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Màrdíyyàh.